Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: bí a ṣe lè tètè san mọ́gééjì tán ní Ìlú Ọba láìjẹ́ kí ilé dàrú

Olùbéèrè_Thamesmead

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mọ́gééjì, owó tí báńkì yáni láti fi ra ilé, ni mo gbé wá. Gbèsè tó kù lórí ilé jẹ́ £180,000, ọdún 25 ló kù láti san án, èlé rẹ̀ jẹ́ 4.5%, kò sì ní yí padà fún ọdún mẹ́ta sí i. Owó oṣù ènìyàn méjì ló ń wọlé, ṣùgbọ́n ti ẹnì kan jẹ́ iṣẹ́ bank shift (iṣẹ́ tí wọ́n ń pèèyàn sí nígbà tó bá yọjú) tí kì í dọ́gba. Bí a bá ṣọ́wó ná, £200 lè máa ṣẹ́ kù lóṣù. Ṣé orí ilé ni ká máa dà á sí? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é tí báńkì kò fi ní bu owó ìtanràn léni? Tí àìsàn tàbí àìríṣẹ́ bá sì já lu ilé láàárín ọ̀nà ńkọ́?

Oníṣirò

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka owó náà.

£180,000 ní 4.5% fún ọdún 25, owó oṣù kan rẹ̀ jẹ́ £1,000.50. Nínú owó oṣù àkọ́kọ́, £675 ni èlé gbé lọ, £325.50 péré ló dín ojú owó (gbèsè gan-an, láìka èlé) kù. Tí ẹ bá ń san án bẹ́ẹ̀ títí ọdún 25 fi pé, èlé nìkan á gba bí £120,150 lọ́wọ́ yín.

Tí ẹ bá ń fi £100 kún un lóṣooṣù, gbèsè á tán ní ọdún 21 àti oṣù 2, èlé tó bọ́ lọ́rùn yín á tó £20,700. Tó bá jẹ́ £200 tí ẹ dárúkọ yẹn, ọdún 18 àti oṣù 5 ni, èlé tí ẹ kò ní san mọ́ á sì tó £35,000. Mo ṣírò rẹ̀ bíi pé 4.5% ni èlé máa jẹ́ jálẹ̀. Tó bá gòkè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àǹfààní àfikún yìí á pọ̀ sí i. Tó bá wálẹ̀, á dín kù.

Ẹ wò ó dáadáa: £100 àkọ́kọ́ gé £20,700, £100 kejì tí a gbé lé e gé bí £14,400. Nítorí náà ẹni tí £50 péré bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Owó kékeré tó tètè wọlé ló ń ṣiṣẹ́ jù, torí ojoojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ báńkì níbí ń ka èlé. Lórí gbèsè yín lónìí, £22.19 ni èlé ọjọ́ kan. £1,000 kan ṣoṣo tí ẹ bá jù sí i ní oṣù àkọ́kọ́, tí ẹ kò sì yí owó oṣooṣù padà, á yọ bí £2,060 èlé kúrò títí òpin.

Alágbàtà_Ilé

Oníṣirò ti wí tirẹ̀. Èmi ó sọ ibi tí owó ìtanràn fara pa mọ́ sí.

Ẹ wá ìwé mortgage offer yín jáde. Ẹ wá orí tí wọ́n kọ Early Repayment Charge (owó ìtanràn fún ẹni tó tètè san gbèsè) sí, kí ẹ kà á tinútinú. Ọ̀pọ̀ báńkì gbà kí ènìyàn san àfikún tó tó 10% lọ́dún nígbà tí èlé ṣì dúró sójú kan. Lórí £180,000, £18,000 nìyẹn, nítorí náà £200 lóṣù kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ẹni tó ń gbé owó ńlá wá lẹ́ẹ̀kan náà ló sábà máa ń kọjá ààlà. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ fi pe báńkì:

Àkọ́kọ́, 10% ti kí ni? Àwọn kan ń kà á lórí gbèsè tó kù, àwọn kan lórí iye tí ẹ kọ́kọ́ yá. Ìkejì, ọdún wo? Fún àwọn kan, 1 oṣù kìíní ni òǹkà tún bẹ̀rẹ̀. Fún àwọn mìíràn, àyájọ́ ọjọ́ tí mọ́gééjì bẹ̀rẹ̀ ni. Níbi tó bá ti jẹ́ oṣù kìíní, ẹni tí £30,000 bá bọ́ sí lọ́wọ́ ní oṣù kejìlá lè san £15,000 kó tó di ọjọ́ ìkẹyìn ọdún, kó san ìyókù lẹ́yìn ọdún tuntun, kò sì ní san ìtanràn kankan. Ìkẹta, bí mo bá kọjá ààlà, ṣé lórí èyí tó lé nìkan ni ẹ máa gba ìtanràn, àbí lórí gbogbo rẹ̀?

Ìtanràn náà sábà máa ń rọ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún, bíi 5% lọ́dún kìíní, 4% lọ́dún kejì, títí dé 1%. Ká ní ó wà ní 3%, tí ẹ sì san £30,000 lẹ́ẹ̀kan: £12,000 ló kọjá ààlà, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ £360. Ìyẹn lè má dun ènìyàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá san gbogbo gbèsè tán láàárín ọdún tí èlé dúró sójú kan, àwọn báńkì kan á ka 3% lórí odidi ìyókù, £5,400 sì ni lórí £180,000. Ẹ dúró de ọjọ́ tí àdéhùn yẹn parí.

Bí a ṣe ń san án nìyí. Ẹ fi Direct Debit (owó tí báńkì mọ́gééjì fúnra rẹ̀ ń fà lóṣooṣù) tó ń mú £1,000.50 sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ dá Standing Order (owó tí ẹ̀yin fúnra yín pàṣẹ pé kó máa lọ lóṣooṣù) ọ̀tọ̀ sílẹ̀ láti àkáǹtì yín, kí nọ́ńbà mọ́gééjì yín wà ní ibi reference. Àṣìṣe nọ́ńbà kan péré lè gbé owó náà sínú àpò tí kò lórúkọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, èlé á sì máa ka ara rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́ bá wọlé, ẹ pè wọ́n, ẹ ní kí wọ́n ka ìyókù gbèsè fún yín. Ìdí ni pé báńkì kan lè kà á sí owó oṣù tó ń bọ̀ tí ẹ san sílẹ̀, kì í ṣe àfikún tó ń gé ojú owó. Ẹ sọ ọ́ pàtó pé kó dín ojú owó kù.

Ọmọ_Ìlọrin

Ẹ̀gbọ́n, àwọn báńkì kan tún máa ń kọ lẹ́tà lẹ́yìn àfikún pé àwọn ti dín owó oṣooṣù kù. Ṣé kí a gbà bẹ́ẹ̀ ni, àbí kí a ní kí wọ́n dín iye ọdún kù?

Alágbàtà_Ilé

Ìbéèrè tó dára ni. Tí wọ́n bá dín owó oṣooṣù kù, tí ẹ̀yin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná ìyàtọ̀ rẹ̀, iye ọdún kò yí padà, èrè yín sì kéré gidigidi. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá sọ ọ́ di £985, tí ẹ sì gbé Standing Order yín láti £200 sí £215.50, ọgbọọgba ni òun àti dídín iye ọdún kù.

Fún ilé tí owó tó ń wọlé kò dọ́gba bí ti Olùbéèrè, mo fara mọ́ ọ̀nà kejì yìí. Ó fún yín ní ààyè: ní oṣù tí shift kò bá sí, dandan kò ju £985 lọ. Ẹni tó bá ti ní kí báńkì gé ọdún kù ti so ara rẹ̀ mọ́ owó tó ga, bí ó bá sì fẹ́ kí wọ́n dá ọdún náà padà, wọ́n lè ní kó tún wá fi owó oṣù rẹ̀ hàn kí wọ́n tó gbà.

Ìyá_Ìbejì_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Mo fẹ́ dá Olùbéèrè dúró díẹ̀. Owó tó bá ti wọ inú bíríkì kì í tètè jáde. Kò sí báńkì tí ẹ máa pè lọ́jọ́ tí boiler bá kú nínú oṣù kìíní pé kí wọ́n dá £2,500 padà nínú àfikún yín. Díẹ̀ nínú wọn gbà kí ènìyàn fi àfikún tó ti san bo oṣù tí kò lè san, ẹ béèrè bóyá tiyín gbà bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù á ní kí ẹ tún yá a ni, wọ́n á sì yẹ owó oṣù yín wò lásìkò tí owó oṣù gan-an ti fà sẹ́yìn.

Ètò tí mo gbà láyè rè é.

Gbèsè tó wọ́n jù ni kó kọ́kọ́ kú. Credit card tó lé ní 20%, overdraft (owó tí báńkì jẹ́ ká ná kọjá èyí tó wà nínú àkáǹtì) tó ń gba 39.9%: ẹni tó fi £200 gé gbèsè 4.5% nígbà tí 39.9% ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn kò tíì gé nǹkan kan. Bí council tax (owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lórí ilé) tàbí iná bá ti jẹ sẹ́yìn, ìyẹn tilẹ̀ ṣáájú credit card, torí ohun tí wọ́n lè fi ṣe ènìyàn le jù.

Lẹ́yìn ìyẹn, owó ìpamọ́ oṣù mẹ́ta, títí dé oṣù mẹ́fà. Ohun tí ilé kò lè ṣe aláìná ni kí ẹ kà: mọ́gééjì, council tax, iná àti omi, oúnjẹ, ọkọ̀, owó ọmọ. Tó bá jẹ́ £2,200 lóṣù, £6,600 ni oṣù mẹ́ta. Ilé tí bank shift wà nínú rẹ̀, mo ní kó dé oṣù mẹ́fà, £13,200. Kí ara má bàa sú yín, ẹ lè máa fi £150 sínú ìpamọ́ àti £50 sórí ilé. Ọjọ́ tí oṣù mẹ́ta bá pé, ẹ yí i padà.

Ẹ má yọ owó ìfẹ̀yìntì níbi iṣẹ́ kúrò láti fi san ilé. Àwọn kan ń ṣe é, ó sì ń dùn mí. Níbi tí ìdásí yín bá ti jẹ́ 5%, ó kéré tán, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi 3% sí i. Ẹ bá yọ ara yín kúrò, 3% yẹn ti lọ nìyẹn.

Ẹ sì kọ àwọn ìnáwó tó ń dé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún sílẹ̀, torí àwọn gan-an ló ń ba ètò jẹ́: MOT (àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún) àti adójútòfò ọkọ̀, aṣọ ilé ìwé, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú lọ sílé ní oṣù kejìlá, aṣọ ẹbí, ìsìnkú nílé, owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí. Ẹ má pe èyí tó kẹ́yìn ní ìnáwó òjijì. Bílì ni. Ẹ ṣe àròpọ̀ gbogbo wọn, ẹ pín in sí 12, kí ẹ yà á sọ́tọ̀ lóṣooṣù. Tí ìyẹn bá jẹ́ kí £200 di £90, £90 náà ni owó tó ṣẹ́ kù lóòótọ́.

Nọ́ọ̀sì_Leeds

Mo fi méjì kún ti Ìyá Ìbejì. Fún ẹni tó ń ṣe bank shift: ẹ gbé gbogbo ìnáwó ilé ka orí owó oṣù tó dúró, kí owó shift má kan oúnjẹ rárá. Lẹ́yìn owó orí 20% àti National Insurance (ìdásí tí ìjọba ń yọ nínú owó oṣù) 8%, £72 ló kù nínú £100, owó ìfẹ̀yìntì sì tún lè mú díẹ̀ níbẹ̀. Owó tó wọ ọwọ́ ni kí ẹ máa pín, kì í ṣe iye tó wà lórí rota.

Èkejì, ọ̀pọ̀ council máa ń gba council tax ní ìgbà 10, láti oṣù kẹrin dé oṣù kìíní. Oṣù kejì àti ìkẹta ń ṣófo. Tí tiyín bá jẹ́ £160 lóṣù, £320 nìyẹn lọ́dọọdún tó lè lọ sórí ilé láìjẹ́ pé ẹ gé nǹkan kan kù.

Ọmọ_Ìlọrin

Àjọ ńkọ́? Ènìyàn 10, £500 lóṣù, ẹni tó bá kó o á gba £5,000 lẹ́ẹ̀kan. Ṣé kì í ṣe òun ló dára jù láti jù sórí mọ́gééjì?

Oníṣirò

Ó dára, bó bá jẹ́ pé àwọn tí ẹ mọ̀ délé ni ẹ jọ ń dá a. Ẹni tó kó o ní oṣù kìíní ti rí owó yá láìsí èlé: £5,000 tó tètè wọlé ní oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú, ní 4.5%, fún un ní bí £170. Ṣùgbọ́n ó ṣì jẹ gbèsè £500 fún oṣù mẹ́sàn-án sí i. Kó kà á sí bílì, kó má kà á sí owó ọ̀fẹ́. Ẹni tó kó o kẹ́yìn ń fi owó pamọ́ láìgba èlé ni, fún òun ó sàn kó máa san àfikún £500 yẹn fúnra rẹ̀ lóṣooṣù, àyàfi tí kò bá lè kó ara rẹ̀ níjàánu láìsí àjọ. Àjọ ò sí lábẹ́ ààbò ìjọba tó ń bo owó inú báńkì. Ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí báńkì lè béèrè ibi tí £5,000 ti wá.

Ìyá_Ìbejì_Peckham

Ẹnì kan á tún sọ pé kí wọ́n fi owó náà kọ́lé ní Ìbàdàn tàbí Mowé. Kò burú kí ènìyàn kọ́lé sílé, ṣùgbọ́n ẹ má fi í wé àfikún mọ́gééjì bíi pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Gbèsè yín wà ní pọ́n-ùn, owó ilé tí ẹ máa gbà níbẹ̀ wà ní náírà, náírà sì ti rẹlẹ̀ gidigidi láti oṣù kẹfà 2023. 4.5% tí ẹ fi àfikún gé dájú, kò ní owó orí, kò nílò ẹni tó ń bá yín ṣọ́ bíríkì. Ẹ ṣe méjèèjì tó bá ṣe é ṣe, ṣùgbọ́n àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ fi wọ́n sí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Owó

Mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀. Tí èlé mọ́gééjì bá jẹ́ 1.8% tí ẹnì kan dì mú nígbà tó ṣì wálẹ̀, tí àkáǹtì ìpamọ́ sì ń san 4%, kí ló fẹ́ máa sáré san sí? Kó kó o pamọ́, kó wá jù ú lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ tí àdéhùn bá parí, tí kò ní sí ìtanràn mọ́.

Oníṣirò

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ohun tí ẹ máa fi wéra ni èlé mọ́gééjì àti ohun tó kù nínú èlé ìpamọ́ lẹ́yìn owó orí. Ẹni tó ń san owó orí 20% lè gba £1,000 èlé lọ́dún láìsan nǹkan kan lórí rẹ̀, ẹni tó wà ní 40% kò kọjá £500. Inú ISA, irú àkáǹtì ìpamọ́ kan, kò sí owó orí rárá, £20,000 sì ni ààlà ọdún kan ní 2025 sí 2026. Ní 4.5% ti Olùbéèrè, àfikún sábà máa borí. Ní 1.8%, ìpamọ́ ló borí, bí ọwọ́ onítọ̀hún kò bá ní yun ún.

Alágbàtà_Ilé

Ìgbà kan wà tí àfikún ń ṣe iṣẹ́ méjì, ìyẹn oṣù díẹ̀ kí àdéhùn èlé yín tó parí. Àwọn báńkì ń pín oníbàárà sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí gbèsè ṣe tó sí iye ilé: 90%, 85%, 80%, 75%, 60%. Ilé tó tó £236,000 tí gbèsè rẹ̀ jẹ́ £180,000 wà ní 76.3%, ó sì ṣubú sí ìsọ̀rí 80%. £3,000 péré ló máa gbé e sí 75%, èlé tuntun sì lè rẹlẹ̀ sí i lórí odidi gbèsè náà. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó bá bróókà sọ̀rọ̀.

Ọ̀pọ̀ báńkì gbà kí ẹ di èlé tuntun mú láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ṣáájú. Ẹ má jẹ́ kí àdéhùn parí láìṣe nǹkan kan, torí Standard Variable Rate (èlé tí báńkì lè yí padà nígbàkigbà) ni ẹ máa bọ́ sí, ó sì sábà máa ń ga gan-an. Tí ẹ bá ní owó ńlá, ẹ fi sáàárín: kí àfikún wọlé lẹ́yìn ọjọ́ tí ti àtijọ́ parí, kí tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan péré tó.

Agbaninímọ̀ràn_Gbèsè

Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè tó kẹ́yìn, torí òun ló ń gba ilé lọ́wọ́ ènìyàn: àìsàn àti àìríṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó máa wọlé bí ara kò bá yá. Sick pay tí òfin là sílẹ̀ jẹ́ £118.75 lọ́sẹ̀ ní 2025 sí 2026, fún ọ̀sẹ̀ 28 ó pọ̀ jù. Ní oṣù kan, bí £515 nìyẹn, mọ́gééjì yín sì jẹ́ £1,000.50. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ìwé iṣẹ́ yín lónìí, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ẹ bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Adójútòfò tó ń rọ́pò owó oṣù wà, oṣù tí ẹ lè fara dà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san ló ń mú kó wọ́n tàbí kó má wọ́n. Ẹni tó ní ìpamọ́ oṣù mẹ́ta lè yan èyí tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, á sì rí i ní owó pọ́ọ́kú.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá mọ̀ pé owó oṣù tó ń bọ̀ kò ní pé, ẹ dá Standing Order àfikún dúró, kí ẹ sì pe báńkì kí Direct Debit tó kùnà. Mo tún un sọ: kó tó kùnà. Láti oṣù kẹfà 2023, ọ̀pọ̀ báńkì ti fọwọ́ sí àdéhùn tí wọ́n ń pè ní Mortgage Charter. Ó gba ẹni tí kò tíì jẹ sẹ́yìn láyè láti san èlé nìkan fún oṣù mẹ́fà, tàbí kó na iye ọdún gùn, láìjẹ́ pé wọ́n tún yẹ owó oṣù rẹ̀ wò, kò sì ní ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ ní credit file (àkọsílẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń san gbèsè). Ilé tí ẹ ń gbé ló kàn, kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń gba owó ilé. Lórí £180,000, èlé nìkan jẹ́ £675, ìtura £325.50 lóṣù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, owó á gòkè díẹ̀, sí bí £1,012, torí ojú owó kò dín, ọdún sì ti dín. Ẹni tó bá dákẹ́ títí oṣù kan fi jẹ, àmì rẹ̀ á wà ní credit file fún ọdún mẹ́fà, á sì tún ti ta ara rẹ̀ kúrò nínú àǹfààní yìí.

Tí ìṣòro bá pẹ́, Support for Mortgage Interest, ìrànwọ́ ìjọba lórí èlé mọ́gééjì, wà fún ẹni tó ti ń gba Universal Credit (owó ìrànwọ́ ìjọba fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré) fún oṣù mẹ́ta. Báńkì ni wọ́n ń san án fún, lórí gbèsè tó tó £200,000. Ẹ mọ̀ pé láti oṣù kẹrin 2018, ẹ̀yáwó ni: ó ní èlé tirẹ̀, wọ́n á sì gbà á nígbà tí ilé bá di títà.

Fún àwa tí físà wa ní no recourse to public funds (a kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀pọ̀ owó ìrànwọ́ ìjọba), ẹ ṣọ́ra gidigidi. Ẹ kò lè gba Universal Credit, èyí ló sì fi Support for Mortgage Interest kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n sick pay, New Style JSA (owó fún ẹni tí kò ríṣẹ́) àti New Style ESA (owó fún ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́) kò sí lára public funds, National Insurance tí ẹ ti san ló fún yín ní ẹ̀tọ́ sí wọn. Ọ̀pọ̀ wa ń bẹ̀rù, wọn kì í béèrè. Ilé tí kò lè gba Universal Credit gbọ́dọ̀ ní ìpamọ́ oṣù mẹ́fà kó tó máa sáré san àfikún, èyí kò ní àríyànjiyàn lọ́dọ̀ mi.

StepChange, National Debtline àti Citizens Advice, àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí gbèsè, kì í gba kọ́bọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun tó bá yín tún gbèsè ṣe, ẹ fi í sílẹ̀.

Olùbéèrè_Thamesmead

Ẹ ṣeun gan-an ni, Olúwa á bù kún yín. Ìpamọ́ la máa fi ṣáájú. Ìbéèrè kan ló kù: lọ́jọ́ tí gbèsè bá wá tán, ṣé báńkì á kàn dáwọ́ dúró ni?

Alágbàtà_Ilé

Rárá o. Ẹ béèrè fún redemption statement, ìwé tó sọ iye tí ẹ máa san kí gbèsè tó tán. Ọjọ́ kan pàtó ni wọ́n kọ sórí rẹ̀, pẹ̀lú èlé tó ń gorí rẹ̀ lójoojúmọ́ àti owó tí wọ́n fi ń pa àkáǹtì dé, tó bá wà nínú ìwé àdéhùn yín. Iye yẹn gẹ́lẹ́ ni kí ẹ san, kí ó kù pọ́n-ùn méjì á dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ẹ má pa Direct Debit títí wọ́n fi kọ̀wé pé ó ti tán, kí ẹ sì fagi lé Standing Order lọ́jọ́ kan náà.

Báńkì ló máa sọ fún HM Land Registry, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé àti ilẹ̀, kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí ilé yín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ san £7, ẹ gba ẹ̀dà title register (àkọsílẹ̀ ẹni tó ni ilé), ẹ wo apá C. Tí orúkọ báńkì bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ pè wọ́n. Ẹ tún forúkọ sílẹ̀ fún Property Alert tó ń ta yín lólobó bí ẹnì kan bá fẹ́ fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ ilé yín, ọ̀fẹ́ ni, torí ilé tí kò ní mọ́gééjì ni àwọn gbájú-ẹ̀ fẹ́ràn jù. Adójútòfò ilé, ẹ má jẹ́ kó já: báńkì ló ń fi dandan mú yín tẹ́lẹ̀, kò sì ní sí ẹni tó máa rán yín létí mọ́.